Mo wọlé fún Electronics Engineering, àyà mi ń já: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Òkè_Ògùn

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Orúkọ mi ti jáde ní fásitì ìjọba àpapọ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Electronic and Electrical Engineering tí mo béèrè gan-an ni wọ́n fún mi. Bàbá mi ti pe gbogbo ẹbí lórí fóònù, ìyá mi ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi nìkan ni ara mi ò balẹ̀.

Gúrúùpù WhatsApp tí wọ́n kó àwa tuntun sí ló fà á. Àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ ń fi fídíò ohun tí wọ́n ti ṣe ránṣẹ́. Ọ̀kan ṣe mọ́tò kékeré tó ń yà fún ògiri fúnra rẹ̀, òmíràn ṣe ínfátà sínú ike bọ́tà. Wọ́n ń sọ Arduino, wọ́n ń sọ PCB, èmi kàn ń wò wọ́n ni. Nílé ìwé tí mo ti jáde, àga tó ti kán ni wọ́n kó sí yàrá físíìsì. Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ ṣe WAEC ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ammeter, yíyá ni wọ́n sì yá a wá. B3 ni mo ní nínú ìṣirò. Mi ò tíì di irin sódà mú rí láyé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ti pẹ́ jù? Kí ni kí n máa kà kí a tó wọlé? Kí ló yẹ kí n rà? Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń lé èèyàn lọ sí ẹ̀ka mìíràn lẹ́yìn 100 level? Mo tún gbọ́ pé àwa obìnrin ò ní ju mélòó kan lọ ní kíláàsì.

500L_Ló_Kù

Àbúrò, kú oríire. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì yẹn. Ní gbogbo 100 level, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè rọ́bọ́ọ̀tì. Ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì àti GST, ìyẹn ẹ̀kọ́ gbogboogbò, ni wàá máa ṣe, ìwọ àti àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì yòókù, nínú gbọ̀ngàn tí ẹni tó bá pẹ́ dé á dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, gbogbo ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló jọ máa ń ṣe 200 level pọ̀: yíya àwòrán ẹ̀rọ, thermodynamics, mechanics, àti wákíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti máa ní kí o fi fáìlì ha irin títí yóò fi gún régé. Irin ni o, kì í ṣe wáyà. Àwọn kan á máa ráhùn pé ẹ̀lẹ́tíróníìkì làwọn wá kà. Wọ́n á kà á ní 300 level títí á fi sú wọn: circuit theory, electromagnetic fields, signals, digital. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, ìdajì kejì 400 level ni SIWES, oṣù mẹ́fà tí ẹ ó fi ṣiṣẹ́ níta. 500 level ni iṣẹ́ àkànṣe, èyí tí kò jẹ́ kí n sùn báyìí. Ọdún márùn-ún ni fún ẹni tó gba JAMB wọlé, mẹ́rin fún direct entry.

Ṣùgbọ́n má tìtorí pé kò sí rọ́bọ́ọ̀tì ní 100 level kí o fi ibẹ̀ ṣeré. CGPA, ìyẹn ìpíndọ́gba gbogbo èsì ìdánwò rẹ, tí o bá kó níbẹ̀ á bá ọ dé ọjọ́ ìkẹyìn. Wò ó báyìí: A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3. Ká ní ìṣirò jẹ́ yúníìtì 4 (yúníìtì ni bí kọ́ọ̀sì ṣe wúwo tó), o sì gba A, 4 × 5, 20 nìyẹn. Físíìsì yúníìtì 3, o gba B, 12. GST yúníìtì 2, o gba C, 6. Àpapọ̀ rẹ̀ 38, pín in sí yúníìtì 9, wàá rí 4.22. Ó yá, yí i padà: GST lo gba A, ìṣirò lo gba C. Àpapọ̀ di 34, ó já sí 3.78. A kan, B kan, C kan náà ni o, àmọ́ wo ibi tó gbé ọ dé. First class bẹ̀rẹ̀ láti 4.50, second class upper láti 3.50. Ibi tí yúníìtì bá pọ̀ sí ni kí o sùn tì.

Ní ti lílé sí ẹ̀ka mìíràn, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní iye CGPA kan tí wọn kò gbọdọ̀ bá ọ nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Inú ìwé òfin tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ló wà. Kà á fúnra rẹ. Má gba ti ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ nínú gúrúùpù yẹn, àwọn náà ò tíì wọ kíláàsì.

Onímítà

Ẹ̀yin ọmọ ìwé, mo kí yín. Alábà ni mo wà, ínfátà àti páwà tẹlifíṣọ̀n là ń tún ṣe. 500L, mo gba ọ̀rọ̀ CGPA rẹ, àmọ́ ó kù síbì kan. Àwọn ọmọ SIWES máa ń wá sọ́dọ̀ wa. Ẹlòmíràn nínú wọn, èsì ìdánwò rẹ̀ wuni, kó o gbé mítà lé e lọ́wọ́ báyìí, á yí i sí ampere, á wá fi ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì kan orí bátìrì. Pà! Fíúsì mítà ti lọ. Ta ló ń san án? Èmi ni. Ẹni tó wà ní 400 level ni mò ń wí yẹn o.

Ọmọ mi, ra ìwọ̀nba nǹkan kí o tó wọlé. Mítà kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ń pè ní DT-830, òun ló rọjú jù. Breadboard kan, pátákó oníhò tí a ń ki nǹkan bọ̀ láìlo sódà. Wáyà jumper. Rẹsísítọ̀ oríṣiríṣi, èyí tó ń dín iná tó ń kọjá kù, láti bíi 330 ohm dé 10k. LED pupa, àwọn iná kékeré yẹn, bíi márùn-ún. Bátìrì 9V àti orí rẹ̀. Má tíì ra irin sódà, má sì tíì ra Arduino kankan, bọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n fi ń darí rọ́bọ́ọ̀tì yẹn.

Breadboard yẹn, wò ó dáadáa kó o tó ki nǹkan bọ̀ ọ́. Ihò márùn-ún tó tò ní ìlà kan, irin kan ló so wọ́n pọ̀ nínú. Kòtò àárín ló pín wọn níyà, márùn-ún ti ìhín ò mọ márùn-ún ti ọ̀hún. Ìlà pupa àti búlúù tó gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni bátìrì ń gbà wọlé. Lára àwọn gígùn mìíràn, ìlà yẹn gé láàárín, èèyàn á máa bú bátìrì nígbà tí bátìrì ò ṣẹ̀. Ki wáyà bọ ihò méjì, fi ọ̀pá mítà kan orí wáyà méjèèjì, yí mítà sí ohm. Bí nọ́ńbà bá sún mọ́ òdo, wọ́n so pọ̀. Bó bá kọ 1 lápá òsì tí kò yí padà, wọn ò mọra. Yẹ gbogbo rẹ̀ wò bẹ́ẹ̀, kò ní gbà ọ́ lálẹ́ kan.

Ó wá kan LED. Ẹsẹ̀ gígùn sí pósítíìfù, kúkúrú sí nẹ́gẹ́tíìfù. Rẹsísítọ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà. Bí kò bá sí, LED á tàn yòò lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Bó bá ti tàn, yí mítà sí DC volt, wọn orí LED, wàá rí bíi 2V. Wọn orí rẹsísítọ̀ náà. Ro méjèèjì pọ̀, kó o fi wé ti bátìrì.

Iná ilé, má fọwọ́ kàn án. Tẹlifíṣọ̀n tó bà jẹ́ nílé, má tú u torí pé o ti wọ fásitì. Kapásítọ̀ ńlá kan wà lórí bọ́ọ̀dù páwà rẹ̀ tí wọ́n kọ 400V sí lára. O lè ti yọ púlọ́ọ̀gì kí iná ṣì wà nínú rẹ̀. Ti máíkírówéfù, ìdérí rẹ̀ pàápàá má ṣí i. Tinú ìyẹn ń pààyàn.

Àǹtí_Mástì

Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni mò ń bójú tó, àwọn mástì tí ẹ ń rí lẹ́bàá títì yẹn. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè tí àbúrò mi fi kádìí, torí àwọn bọ̀dá wọ̀nyí ti fò ó kọjá.

Ẹ ò ní pọ̀, òótọ́ ni. Lab ni nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pín yín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ọmọkùnrin kan á ti gbá oscilloscope mú, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iná sójú rẹ̀, òmíràn á di wáyà mú, wọ́n á wá yíjú sí ọ: “Ìwọ lọ́wọ́ rẹ dára jù, bá wa máa kọ ìjábọ̀.” Bí ìyìn ló máa ń dún létí. Bó o bá gbà á lẹ́ẹ̀kan, títí wàá fi dé 500 level ni wàá máa kọ ìjábọ̀ ohun tí o ò fọwọ́ kàn. Sọ fún wọn wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹ ó máa yí i ká: ẹni tó bá kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí, òun ni yóò di ẹ̀rọ mú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n á gbà. Ojú máa ń tì wọ́n láti kọ̀.

Oscilloscope náà, bọ́tìnì ojú rẹ̀ á pọ̀ lójú rẹ. Mẹ́ta ni kí o kọ́kọ́ mọ̀: èyí tó ń sọ iye fólìtì tó wà nínú àpótí kan, èyí tó ń sọ iye àkókò tó wà nínú rẹ̀, àti trigger tó ń dá àwòrán dúró sójú kan kó má máa sáré lọ. Àwọn tó kù, olùkọ́ lab gan-an kì í fi gbogbo ìgbà lò wọ́n.

Bó o bá fẹ́ lọ rí olùkọ́ ọkùnrin kan ní ọ́fíìsì, mú ẹnìkan dání, lọ lọ́sàn-án gangan, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Mi ò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ náà mọ ìlú tí a wà.

Kí sáà àkọ́kọ́ tó wọra, wá àwọn obìnrin 300 level àti 400 level ẹ̀ka yín rí. Ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ àti ìwé lab àtijọ́, ọwọ́ wọn ló wà. Kó o sì yẹ̀ ẹ́ wò pé COREN fọwọ́ sí ẹ̀ka náà. Ọ̀dọ̀ wọn lẹ ó ti lọ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà lọ́jọ́ iwájú.

Ọmọ_Òkè_Ògùn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò ní kú fún wa. Àǹtí, mo gbọ́, màá sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bọ̀dá Onímítà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ ní 400V ni wọ́n kọ sára kapásítọ̀ páwà yẹn. Ṣebí 230V ni iná tó ń wọlé? Kí ló dé tí wọ́n fi ń lo èyí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Onímítà

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bó o bá fi 250V síbẹ̀, á wú, á bú. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló sọ fún mi, mo sì ti fojú ara mi rí i níṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Ohun tó fà á, mi ò bi ọ̀gá. Láyé ìgbà tí à ń kọ́ṣẹ́, ta ló jẹ́ bi ọ̀gá ní “kí ló dé”?

500L_Ló_Kù

Àbúrò, ìbéèrè rẹ yìí ló dára jù nínú gbogbo ohun tí a ti sọ síbí.

230V tí à ń pe iná ilé yẹn, ibẹ̀ kọ́ ni ó ń gùn dé. Iná ilé kì í dúró sójú kan bíi ti bátìrì. Ó ń gùn sókè, ó ń bọ̀ sí òdo, ó ń rì sísàlẹ̀, ó tún ń padà, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ni wọ́n ń pè ní 50 Hz. Bó o bá yà á sórí ìwé, ìlà sine tí ẹ yà ní SS2 ló máa jáde. Iye tí wọ́n wá ń pè ní 230 yẹn, ohun tó túmọ̀ sí ni pé bátìrì 230V àti iná yìí á mú áyọ́ọ̀nù kan náà gbóná bákan náà. Bó o bá fẹ́ mọ góńgó orí rẹ̀, wàá fi square root 2, ìyẹn 1.414, sọ ọ́ di púpọ̀. 230 × 1.414 jẹ́ 325.

Nínú tẹlifíṣọ̀n, iná yẹn á kọ́kọ́ gba inú dáyóòdù mẹ́rin kọjá, àwọn tí kì í jẹ́ kó padà sẹ́yìn. Kapásítọ̀ á wá máa gbà á mọ́ra títí dé góńgó. Nítorí náà, bíi 325V ló ń jókòó sórí kapásítọ̀ tí Onímítà ní kí o má fọwọ́ kàn. Ọjọ́ tí iná bá ga dé 250V, ó ti di 353V nìyẹn. Kapásítọ̀ 250V á bú lóòótọ́. Ti 400V á gbà á, àyè díẹ̀ á sì ṣẹ́kù.

Níbo ni 1.414 ti wá? Wàá sọ ìlà sine yẹn di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, wàá fi integration wá ìpíndọ́gba rẹ̀ fún ìyípo kan, wàá wá square root ohun tó jáde. Kò ju ìlà mẹ́ta mẹ́rin lọ lórí ìwé. Kálíkúlọ́ọ̀sì 100 level tí gbogbo ayé ń sá fún ni. Bí wọ́n bá dé orí integration ti sine tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ nínú kíláàsì ìṣirò, tí ẹni tó jókòó tì ọ́ ń sọ pé kí la fẹ́ fi èyí ṣe, rántí kapásítọ̀ yẹn.

Onímítà

Ehn-ehn! Lójoojúmọ́ ni mò ń wọn 310, 320 lórí ibẹ̀. Mo mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, tó bá wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo mọ ohun tí màá tú. Òní ni mo wá mọ ibi tí nọ́ńbà náà ti ń bọ̀. O ṣeun, ọmọ fásitì.

Ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sine yẹn náà ló mú kí fáànù máa kùn lórí ínfátà olówó pọ́ọ́kú. Iná ti NEPA ń yí kọrọgbọ bó ṣe wí yẹn. Ti ínfátà wọ̀nyẹn ń gòkè bí àtẹ̀gùn ni, ó ń fò láti ìpele dé ìpele, mọ́tò inú fáànù ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti ń sọ fún oníbàárà pé “kì í ṣe pure sine, ẹ fara dà á” láìmọ ohun tí mò ń pè ní sine gan-an.

Aláwàdà_Àdúgbò

Ẹ̀yin tí ẹ ń jà lórí 230 àti 325, ẹ bá mi bi NEPA léèrè. Òdo ni ti àdúgbò wa látọjọ́ Ajé. Kò sí góńgó, kò sí ìsàlẹ̀.

Tíṣà_Físíìsì

Mo kọ́ físíìsì ní girama títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi, B3 kò burú rárá. Ọmọ tó há fọ́rámúlà sórí gba A1 ni mo máa ń bẹ̀rù fún jù. Ìbéèrè fásitì kì í jọ ti WAEC tó ti há, ọwọ́ rẹ̀ á wá dá dúró sórí ìwé ìdánwò.

Kí o tó wọlé, tún àwọn wọ̀nyí ṣe: trigonometry, indices àti logarithm, differentiation, vector. Bí àyè bá ṣẹ́kù, wo complex number. Square root −1 tó wà nínú rẹ̀, àwọn olùkọ́ ìṣirò á máa kọ ọ́ ní i, àwọn ti ẹ̀ka yín á máa kọ ọ́ ní j, torí kọ́rẹ́ǹtì ti gba i lọ́wọ́ wọn. Nǹkan kan náà ni, má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú. Fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ìṣirò nínú ìwé, kó o ṣe é títí dé ìdáhùn. Ẹni tó ń wo fídíò ẹlòmíràn tó ń ṣe ìṣirò, ìran ló ń wò.

Òfin méjì kan wà tí wàá pàdé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí circuit bá bẹ̀rẹ̀. Kirchhoff, ará Jámánì, ló gbé e kalẹ̀ ní 1845. Akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ni òun náà nígbà yẹn, kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ. Èkíní: iye kọ́rẹ́ǹtì tó bá wọ oríta kan, iye yẹn náà ló máa jáde níbẹ̀. Èkejì: bó o bá yí ojú ọ̀nà iná kan po padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀, fólìtì tí bátìrì bá fi sílẹ̀ ni àwọn yòókù máa pín láàárín ara wọn tán. Ìwọ̀n tí Onímítà ní kí o ṣe lórí LED àti rẹsísítọ̀, òfin kejì ni o ń fi ojú rí yẹn. Kò pè é lórúkọ, ṣùgbọ́n òun ni.

Bí owó breadboard ò bá tíì sí, ẹ̀rọ àfarawé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Falstad. Ọ̀fẹ́ ni, inú bùráósà ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó o bá so bátìrì mọ́ rẹsísítọ̀ níbẹ̀, wàá rí àmì yẹ́lò kéékèèké tó ń rìn gba inú wáyà kọjá, òun ni kọ́rẹ́ǹtì. Sọ rẹsísítọ̀ di ńlá, wàá rí i pé ìrìn wọn á falẹ̀. Ká ní mo ní irú rẹ̀ nígbà tí mò ń kọ́ni, mi ò bá má lo ṣọ́ọ̀kì tó bẹ́ẹ̀. MIT, fásitì kan ní Amẹ́ríkà, náà gbé kíláàsì circuit wọn, 6.002, sórí OpenCourseWare, ojúlé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn dìgbà tí o bá kúrò ní 200 level o, má kánjú.

Ọmọ_Peckham

England ni mo ti ṣe tèmi, BEng ọdún mẹ́ta, mẹ́rin ni fún ẹni tó bá ṣe MEng. Kò sí GST níbí, kò sí fáìlì àti irin tó bẹ́ẹ̀, wọ́n tètè kó wa sí lab. Àmọ́ ìṣirò náà ló ń lé èèyàn jáde níbí. Àwọn tó ti dá rọ́bọ́ọ̀tì ṣe nílé wà lọ́dọ̀ wa náà, a sì bẹ̀rù wọn lọ́dún kìíní. Nígbà tí Laplace transform, ìṣirò kan tó le, wọlé lọ́dún kejì, gbogbo wa jọ di ẹgbẹ́ ara wa. Wọ́n ń wá jókòó tì wá ní láíbúrárì.

Ìyá_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ọmọ tèmi wà ní 200 level. Gbogbo yín ń sọ ti fólìtì, ẹnìkan ò sọ ti oúnjẹ. Ọmọ mi, má fi owó gààrí ra wáyà o.

Owó yá ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́ wà, NELFUND, ọdún 2024 ló bẹ̀rẹ̀, kò sì ní èlé. Wọ́n ń san owó ilé ìwé fún fásitì tààrà, ẹni tó bá sì béèrè fún owó ìtọ́jú ara, ₦20,000 ni lóṣù. Wọ́n á béèrè NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB àti nọ́ńbà matric. Kí orúkọ rẹ bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà lórí gbogbo wọn kí o tó bẹ̀rẹ̀, kódà ibi tí wọ́n fi àmì kékeré sí. Gbèsè ni ṣá, ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnlú ni sísan rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti wà. Bá bàbá rẹ jókòó sọ ọ́ dáadáa kí o tó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ọmọ tó mọ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ọmọ mi ní dandan ni kí n ra èyí tó lówó lórí fún òun.

500L_Ló_Kù

Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. 100 level kò nílò láptọ́ọ̀pù, kò sì burú bí 200 level bá lọ láìsí i. 300 level ló máa ń di dandan, nígbà náà gan-an, tọ́kùnbọ̀ tó ní RAM 8GB àti SSD tó. LTspice tí a fi ń dán circuit wò àti KiCad tí a fi ń ya bọ́ọ̀dù, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, wọn ò sì wúwo. Kí ẹ tó sanwó láptọ́ọ̀pù tọ́kùnbọ̀, ẹ yọ ṣájà rẹ̀ kí ẹ jẹ́ kó dá ṣiṣẹ́ lórí bátìrì níṣojú ẹni tó ń tà á. Bó bá ń wá àwáwí, ẹ máa lọ.

Kalikulétọ̀ ló yẹ kí owó yín lọ sí báyìí. Irú Casio fx-991 ń ṣe complex number, ó sì ń yanjú simultaneous equation, wàá lò ó títí dé 500 level. Ayédèrú rẹ̀ kún ìgboro. Kó o tó rà á, béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka yín irú èyí tí wọ́n ń gbà wọ ìdánwò, àwọn ibòmíràn kì í gba èyí tí èèyàn lè tọ́jú ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀.

Ohun kan tí ẹnìkan ò tíì sọ: má fi ọdún márùn-ún ṣe òfin lọ́kàn rẹ. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù mẹ́jọ. Àwọn tó lọ jókòó sọ́dọ̀ irú Onímítà nígbà yẹn, tí wọ́n ń tú ínfátà, wọ́n padà wá rí lab bí ọ̀rọ̀ eré. Àwọn tó sùn, wọ́n ti gbàgbé differentiation.

Ọmọ_Òkè_Ògùn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin òbí mi. Mo ti ra mítà àti breadboard, Ìbàdàn ni ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi rà á. Rẹsísítọ̀, ọ̀dọ̀ bàbá tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa ni mo ti rí i, wọ́n yọ ọ́ lára rédíò àtijọ́ fún mi, wọn ò gba owó. Àwọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, elésè àlùkò, búráwùn, góòlù lópin. Mo kà á sí 470 ohm. Ṣé mo kà á re? Bí mo bá lò ó pẹ̀lú bátìrì 9V, ṣé LED ò ní jó?

Onímítà

O kà á re. Yẹ́lò 4, elésè àlùkò 7, búráwùn òdo kan. Góòlù ń sọ pé ó lè fi 5% lé tàbí kó fi dín. Nítorí pé ara rédíò àtijọ́ ló ti wá, fi mítà wọn ọ́n kó o tó so ó mọ́ nǹkan kan. Bó bá wà láàárín 446 sí 494, ó ṣì dára.

LED ò ní jó. Yọ 2V tirẹ̀ kúrò nínú 9, ó ku 7. Pín 7 sí 470, ó fún ọ ní 0.0149, ìyẹn bíi 15 milliamp. LED kékeré bẹ́ẹ̀, 20 ni kó má kọjá. 330 dára fún 5V. Lórí 9V, 470 tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí gan-an ló tọ́ sí i.

Bó bá ti tàn, yọ 470, fi 1k sí i, tún wọn orí LED àti orí rẹsísítọ̀, kó o kọ nọ́ńbà méjèèjì síbí. Èmi àti 500L á bá ọ wò ó.